Fídíò kẹsàn-án nìkan ló tó owó tí mo san

Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọ́ gìtá, ìka mi sì mọ highlife dáadáa. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n ta blues, A minor pentatonic (ohùn márùn-ún kan tó bẹ̀rẹ̀ láti A) ní fret 5 (àlà karùn-ún lọ́rùn gìtá) ni mo máa ń gùn lọ gùn bọ̀ títí orin á fi parí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra ẹ̀kọ́ fídíò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ₦18,000, láìka dátà.

Odindi fídíò mẹ́fà ni olùkọ́ náà fi ka mode méjèèje (ọ̀nà méje tí a ń gbà to ohùn orin), láti Ionian dé Locrian, bí ẹni ń ki oríkì ìran onírán. Ta ló ń fi Locrian ta blues? Mixolydian nìkan ló wúlò fún mi níbẹ̀, torí A, C♯ (C sharp, tó fi díẹ̀ ga ju C), E àti G tó wà nínú chord A7 (ohùn mẹ́rin tí a ń ta pọ̀) pé sínú rẹ̀.

Fídíò kẹsàn-án ló là mí lójú. Ó ní kí a máa gbọ́ chord tó ń lọ lábẹ́ wa. Tí A7 bá ń dún, ẹ fa ìka minor yẹn sẹ́yìn sí fret 2, ó ti di major pentatonic nìyẹn. Tí D7 bá wọlé ní bar (ìdá orin) karùn-ún, ẹ padà sí minor, torí C ló wà nínú D7, kì í ṣe C♯. Mo ti di C♯ mú gbọnin lórí D7 rí níbi ìdánrawò. Ojú tí oníbéèsì fi wò mí, bí ẹni pé mo jẹ ẹ́ lówó ni.

Ibẹ̀ náà ló ti kọ́ wa ní èyí tí mo fẹ́ràn jù. Okùn kẹta, fret 5, C nìyẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tì í díẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó dé C♯. Ó jọ bí onílù ṣe ń fún ọsán ìyáàlù kí ohùn lè yọ́ gòkè. B.B. King, àgbà onígìtá blues ará Amẹ́ríkà tó ti dolóògbé, máa ń po major mọ́ minor báyìí, kì í sì í kánjú.

Àbùkù rẹ̀ ni pé key A (ohùn A tí orin dá lé) nìkan ni gbogbo orin ìdánrawò wọn wà. Wọn ò tún sọ nǹkan kan nípa chord E7: G♯ inú rẹ̀ kò sí nínú pentatonic méjèèjì, etí ni mo fi wá a rí. Tí ẹ bá rà á, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti fídíò kẹsàn-án.