Agogo Afẹ́fẹ́ Onípáìpù Márùn-ún: Ọdún Kan Nínú Ọgbà Òdòdó Mi ní Kubwa

Ọdún kan gbáko rèé tí agogo afẹ́fẹ́, èyí tí àwọn olóyìnbó ń pè ní wind chime, ti ń dún nínú ọgbà òdòdó mi, mo sì gbà pé ọdún kan tó fún ẹni tó bá fẹ́ sọ òótọ́ nípa ọjà tó fi owó ara rẹ̀ rà. Ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń ta òdòdó àti ìkòkò létí títì ni mo ti rà á ní ₦12,000. Páìpù alumíníọ́mù márùn-ún ni, èyí tó gùn jù nínú wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40, wọ́n sì so wọ́n rọ̀ yí igi róbótó kan ká. Okùn kan gba àárín igi náà sọ̀ kalẹ̀ lọ bá pátákó pẹlẹbẹ kan nísàlẹ̀, tí èmi ń pè ní abẹ̀bẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ yìí ni afẹ́fẹ́ ń mú. Bí ó bá ti mì, igi róbótó a lọ kan páìpù, páìpù a sì dún.

Kì í ṣe òun ni mo kọ́kọ́ rà. Ti àkọ́kọ́, tí mo rà ní ìsọ̀ kan láàárín ìlú, kò ṣe é gbọ́ sétí rárá: kọ̀, kọ̀, kọ̀ ló ń dún, bí ẹni ń fi ṣíbí lu agolo mílíìkì. Mo rò pé irin rẹ̀ ni kò dára, àfìgbà tí mo gbé méjèèjì kalẹ̀ lórí tábìlì tí mo fi tépù wọ̀n wọ́n. Ẹnu páìpù gan-an ni wọ́n lu ihò ti àkọ́kọ́ sí, ṣùgbọ́n nínú páìpù tó gùn jù lára ti èkejì, sẹ̀ǹtímítà 9 ni ihò fi jìnnà sí orí. Ibẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ wà. Bí a bá lu irú páìpù bẹ́ẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ló ń gbọ̀n àfi ojú méjì tó dúró jẹ́ẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì fi nǹkan bí ìdá 22.4 nínú 100 gígùn páìpù jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Okùn tó bá gba ojú yẹn kọjá kò ní dí i lọ́wọ́, ìró á sì máa fà lọ títí. Èyí tó bá gba ibòmíràn á tètè pa ìró náà.

Gígùn náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí a bá gé irú páìpù kan náà sí ìdajì, ìlọ́po mẹ́rin ni yóò máa yára gbọ̀n, nítorí náà ìyàtọ̀ díẹ̀ nínú gígùn ń gbé ohùn sókè púpọ̀. Àwọn márààrún tèmi ní ohùn márùn-ún tí kò sí méjì tó ń bá ara wọn jà, irú èyí tí etí wa ti mọ̀ nínú ọ̀pọ̀ orin Yorùbá. Nígbà tí màmá mi wá kí wa láti Ìbàdàn, tí wọ́n jókòó sí fàráńdà, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé onílù ń bọ̀ ni? Ṣaworo ni mo ń gbọ́ un." Inú mi dùn jọjọ, nítorí ṣaworo etí ìyá ìlù lèmi náà rántí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ so ó kọ́.

Ẹ má so ó mọ́ abẹ́ ògiri o. Fẹ́ǹsì ilé wa ní Abuja ga, kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá. Ẹ̀ka dongoyárò tó ga ju fẹ́ǹsì lọ ni mo so tèmi mọ́, ní ìhà àríwá ìlà oòrùn, níbi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ní ìdájí ọjọ́ kan nínú oṣù Kọkànlá, kí n tó ṣílẹ̀kùn, kí n tó rí eruku kankan, mo ti mọ̀ pé ọyẹ́ dé: ìró tó máa ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ti ń tẹ̀ léra láìdáwọ́ dúró. Tìtorí òwúrọ̀ yẹn nìkan, owó mi kò ṣòfò.

Àléébù rẹ̀ kò ju méjì lọ. Ní alẹ́, ìró rẹ̀ ń wọ yàrá Alhaji tí a jọ pín fẹ́ǹsì. Wọ́n rán ọmọ wọn sí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹjọ́ wọn sì tọ́; láti ìgbà náà ni mo ti ń so abẹ̀bẹ̀ náà mọ́ ẹ̀ka ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Èkejì ni okùn rẹ̀, tí oòrùn jẹ títí ó fi já nínú ìjì òjò àkọ́rọ̀, tí páìpù méjì bọ́ sílẹ̀. Páìpù kò ní nǹkan kan, nítorí alumíníọ́mù kì í dógùn-ún bí irin. Okùn apẹja ni mo fi tún un so, ó sì ń bẹ níbẹ̀ di òní.

Mo padà lọ sọ ọ̀rọ̀ okùn yìí fún ẹni tó tà á fún mi. Ó gbọ́ ọ, kò sì bínú. Èyí tí mo rà lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù tó kọjá fún ẹ̀gbọ́n mi ní Lokoja, okùn apẹja ni ó ti fi so ó kí n tó débẹ̀.