Korg MS-20 mini: asẹ́ méjì ló gbé e dúró

MS-20 mini jẹ́ synth, ẹ̀rọ olórin tó ń fi iná ṣẹ̀dá ohùn. Asẹ́ ohùn (filter) méjì tó wà nínú rẹ̀, tí ń gé apá kan ìró kúrò, ni ìdí pàtàkì láti rà á. Ẹni tí igbe wọn kò bá wù, kí ó má wulẹ̀ náwó sí i, nítorí àwọn synth mìíràn wà tó rọrùn jù ú lọ, tí ń pa ohùn mọ́, tí ń dún ohùn mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn kan ṣoṣo ló ń dún lẹ́ẹ̀kan, kò ní ibi ìpamọ́ kankan. Ohùn tí ẹ bá fẹ́ tún rí lọ́la, ẹ ya fọ́tò nọ́ọ̀bù àti okùn rẹ̀ lónìí.

Ọdún 1978 ni Korg gbé MS-20 àkọ́kọ́ jáde. Ní 2013 ni wọ́n tún un ṣe, wọ́n dín in kù sí ìdá 86 nínú 100 ìwọ̀n ti àtijọ́, wọ́n sì fi MIDI (ọ̀nà tí àwọn ẹ̀rọ orin fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀) àti USB kún un. Ọ̀nà tí ohùn ń gbà kọjá nínú rẹ̀ ṣì jẹ́ analog (fólíti gidi, kì í ṣe nọ́ńbà kọ̀ǹpútà) látòkè délẹ̀. Ìtẹ̀ 37 ló ní, kéékèèké ni wọ́n. Àwọn ihò ara pátákó rẹ̀ ti di ti mílímítà 3.5 dípò ihò ńlá ti tẹ́lẹ̀. Okùn kúkúrú 10 ló bá a wá nínú páálí. Wọ́n tó fún ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa nílò mẹ́rin tàbí márùn-ún tó gùn díẹ̀ sí i bí ẹ bá fẹ́ so ó mọ́ ẹ̀rọ mìíràn.

VCO méjì, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí fólíti ń darí ìró rẹ̀, ló ń pèsè ohùn. Ti àkọ́kọ́ ní ìgbì onígun mẹ́ta, ìgbì tó rí bí eyín ayùn, ìgbì onígun mẹ́rin tí a lè fi nọ́ọ̀bù PW fẹ̀ tàbí fún pọ̀, àti ariwo. Ti kejì ní eyín ayùn, onígun mẹ́rin, èyí tó tín-ín-rín, àti ring modulation tó ń mú ohùn bí agogo tó ya jáde. Ẹ fi VCO 2 sí RING, kí ẹ wá máa yí PITCH rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: níbẹ̀ ni ohùn irin àti ohùn agogo pọ̀ sí jù. Ohun tí kò sí ni sync (kí VCO kan máa mú èkejì tún ìgbì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀) láàárín VCO méjèèjì, kò sì sí ihò tí a lè fi fólíti darí fífẹ̀ ìgbì onígun mẹ́rin. Ọwọ́ nìkan la fi ń yí PW. Ẹni tó fẹ́ràn ohùn tó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọ̀wọ́ fèrè máa rí i pé àìsí rẹ̀ dun òun. Ó lè fi ìyàtọ̀ kékeré láàárín ìró VCO méjèèjì dí àlàfo náà, kì í kàn ṣe ohun kan náà ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sí asẹ́. HPF ló kọ́kọ́ ń gba ohùn, ó ń gé ìró ìsàlẹ̀ ní 6 dB (ìwọ̀n agbára ohùn) fún ọ́ktéfù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn láti C kan dé C tó tẹ̀lé e. LPF tẹ̀lé e, ó ń gé ìró òkè ní 12 dB fún ọ́ktéfù. Méjèèjì ní nọ́ọ̀bù PEAK tiwọn, tí ń gbé ìró ibi tí asẹ́ ti ń gé sókè, méjèèjì ló sì lè máa fúnra wọn súfèé bí a bá gbé PEAK lọ sókè pátápátá. Àwọn nọ́ńbà yìí kò tíì sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìró tó wọlé ń bá PEAK jà: bí VCO bá wọlé pẹ̀lú agbára, asẹ́ á máa bú, á máa ya, súfèé rẹ̀ á sì fà sẹ́yìn, bí ẹ bá dín VCO LEVEL kù, súfèé á gba iwájú, ohùn á mọ́, á sì mú bí abẹ́rẹ́. Nítorí náà nọ́ọ̀bù LEVEL ti VCO jẹ́ apá kan asẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé méjèèjì sí 10 látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n wá ń sọ pé ẹ̀rọ náà le jù. Ẹ gbé wọn sí 5 tàbí 6 kí ẹ tó fi ọwọ́ kan PEAK, ẹ óò gbọ́ ìyàtọ̀ náà lójú ẹsẹ̀.

Fún ohùn báàsì tó nípọn: ẹ fi VCO méjèèjì sí eyín ayùn ní 16 (nọ́ọ̀bù ọ́ktéfù), kí ẹ yí PITCH ti VCO 2 kúrò ní àárín díẹ̀ tí ẹ óò fi gbọ́ ìmì tó lọ́ra. HPF CUTOFF (ibi tí asẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gé) sí òdo, PEAK rẹ̀ sí òdo. LPF CUTOFF sí bíi 3, PEAK sí 6, EG2/EXT tó wà lábẹ́ rẹ̀ sí 5. Ní EG2, tí ń pinnu bí ohùn ṣe ń bẹ̀rẹ̀, bí ó ṣe ń dúró àti bí ó ṣe ń parí: HOLD òdo, ATTACK òdo, DECAY 4, SUSTAIN 3, RELEASE 1. Bí ohùn náà bá tẹ́jú jù, ẹ gbé PEAK ti HPF sí 7, kí ẹ sì rọra gbé CUTOFF rẹ̀ sókè láti òdo. Ó níbi tó máa dé tí ìsàlẹ̀ ohùn á wú dípò kí ó gé kúrò. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi sí.

Àṣìṣe kan wà tó ń dààmú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra á. EG2 kan náà ló ń ṣí VCA (ibi tí a ti ń pinnu bí ohùn ṣe máa ròkè tó), òun náà ló ń ṣí asẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí asẹ́ yára pa dé nígbà tí ohùn ṣì ń dún, tí ẹ sì fa SUSTAIN wálẹ̀ sí òdo, ohùn náà á kú pẹ̀lú asẹ́. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ fi okùn so EG1 REVERSE OUT (ìdàkejì EG1, EG mìíràn tó wà nínú ẹ̀rọ náà) mọ́ ihò CUTOFF FREQ ti LPF. Okùn yẹn á já EG2 kúrò lára asẹ́, ṣùgbọ́n VCA ṣì ń gbọ́ràn sí EG2. EG1 kò ní DECAY tàbí SUSTAIN. DELAY, ATTACK àti RELEASE nìkan ló ní. ATTACK rẹ̀ ló máa wá ń ṣiṣẹ́ DECAY fún yín, nítorí ìdàkejì rẹ̀ lẹ ń lò.

Ìlù ńlá kan wà nínú asẹ́ yìí tí kò nílò VCO rárá. LEVEL ti VCO méjèèjì sí òdo, LPF CUTOFF sí 1, PEAK sí 10, EG2/EXT sí 5, ATTACK òdo, DECAY láàárín 2 àti 3, SUSTAIN òdo, RELEASE 2. Súfèé asẹ́ náà á bẹ̀rẹ̀ lókè, á sì já wálẹ̀ kíá, ó di ìlù. DECAY ló ń pinnu bí ó ṣe gùn, EG2/EXT ló ń pinnu bí ó ṣe le tó níbẹ̀rẹ̀. Ẹ má retí láti fi súfèé asẹ́ yìí kọ orin bí ẹni ń tẹ ìtẹ̀, torí asẹ́ kì í tẹ̀lé ìtẹ̀ bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Bí ẹ bá so KBD CV OUT (CV ni fólíti tí a fi ń darí, èyí wá láti ara ìtẹ̀) mọ́ ọn, yóò gòkè yóò sì sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò ní bá ìró ìtẹ̀ ṣe déédéé.

Lára pátákó ihò, ihò TOTAL ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. MG, ẹ̀rọ tó ń mi ohùn lọ́ra, ti so mọ́ ọn nínú láìsí okùn. Bí ẹ bá ki okùn bọ TOTAL, MG á kúrò, ohun tó wà lẹ́nu okùn yẹn ló máa wá bá VCO, HPF àti LPF ṣiṣẹ́ nípasẹ̀ àwọn nọ́ọ̀bù MG/T.EXT. Èyí ló mú kí sample and hold (mímú fólíti kan, kí a sì dì í mú títí àmì tó kàn á fi dé) rọrùn: PINK NOISE sí IN ti S&H, ìgbì onígun mẹ́rin MG sí CLOCK, OUT rẹ̀ sí TOTAL, kí ẹ wá gbé MG/T.EXT ti LPF sí 6. Asẹ́ á máa fò sókè sódò láìní ìlànà, bí MG bá ṣe ń sáré tó ni yóò ṣe máa fò tó.

Wíìlì tó wà lápá òsì kò so mọ́ ohunkóhun. Kò bàjẹ́. Okùn lẹ óò fi so WHEEL mọ́ ibi tí ẹ bá fẹ́ kí ó darí. Bákan náà ni bọ́tìnì kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Apá ESP tó wà nísàlẹ̀ lọ́tùn-ún ń gba ohùn láti ìta, gìtá tàbí ohùn ènìyàn, ó sì ń sọ ọ́ di fólíti. F-V CV OUT lọ sí VCO1+VCO2 CV IN, TRIG OUT (trigger, àmì tó ń sọ pé kí ohùn bẹ̀rẹ̀) lọ sí EG1+EG2 TRIG IN. Bí ohùn bá ń fò láti ọ́ktéfù kan sí òmíràn láìnídìí, ìró kéékèèké tó ń bá ìró gangan rìn ló ń dà á láàmú. Ẹ fa HIGH CUT wálẹ̀ títí ìró gangan nìkan á fi kù, kí ẹ gbé LOW CUT díẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí okùn gìtá méjì dún pọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi CV ADJUST mú kí synth àti gìtá bá ara wọn mu. Kò ní pé láéláé. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń kọsẹ̀ yẹn lẹ́wà, ó sì wúlò nínú orin ju ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó pé lọ.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò ni ìsopọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ mìíràn. Ọ̀pọ̀ synth alápá-apá (modular) òde òní ń lo fólíti kan fún ọ́ktéfù kan: 1, 2, 3, 4. MS-20 ń lo Hz/V, níbi tí fólíti ti ń di ìlọ́po méjì ní ọ́ktéfù kọ̀ọ̀kan: 1, 2, 4, 8. Bí ẹ bá ki ti àkọ́kọ́ bọ CV IN, láti fólíti 1 sí 2 á jẹ́ ọ́ktéfù kan, láti 2 sí 3 á jẹ́ ìlàjì ohùn (semitone) 7, láti 3 sí 4 á jẹ́ 5. Bí ẹ bá ń gbọ́ orin tó ń fún pọ̀ bó ṣe ń gòkè, ohun tó fà á nìyẹn. Ọgbọ́n kan ni kí ẹ lo ihò FREQ dípò CV IN, torí òun ń gba fólíti ní ọ̀nà fólíti kan fún ọ́ktéfù kan, kí ẹ sì fi nọ́ọ̀bù EG1/EXT ṣe é díẹ̀díẹ̀ títí ọ́ktéfù á fi bára mu. Ó ṣeé gbára lé fún ọ́ktéfù méjì tàbí mẹ́ta, àmọ́ ẹ má fọwọ́ kan nọ́ọ̀bù náà mọ́.

Trigger rẹ̀ náà yàtọ̀. S-trig ni: ohùn ń dún nígbà tí fólíti bá bọ́ sí òdo. Bí ẹ bá fi gate lásán (fólíti tó ń gòkè nígbà tí ohùn bá yẹ kó dún) sí i, ohùn á máa dún nígbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́. SQ-1, ẹ̀rọ tí ń rán nóòtì lẹ́sẹẹsẹ (sequencer) tí Korg ṣe, lè fi Hz/V àti S-trig jáde, òun ló rọrùn jù láti fi bá a rìn. Bí trigger tí ń wọlé bá kúrú jù, HOLD ti EG2 ló ń fà á gùn.

MIDI rẹ̀ kéré gan-an: nóòtì nìkan ló ń gbà, kò mọ nọ́ọ̀bù, kò mọ pitch bend (títẹ ìró sókè tàbí sísàlẹ̀). Ihò MIDI onípíìnì márùn-ún ń gbà, USB ń gbà ó sì ń rán. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo kọ̀ǹpútà bí kòkòrò tí ń kùn lẹ́yìn ohùn nígbà tí USB wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ́, kí ẹ lo ihò onípíìnì márùn-ún. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé ìsọfúnni kọjá níbẹ̀, ilẹ̀ iná (ground) kọ̀ǹpútà kò lè bá a wọlé. Ariwo fúúfúú díẹ̀ ṣì máa wà, ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ nìyẹn. Nínú orin kò hàn, nínú ìdákẹ́jẹ́ ó hàn.

Ẹni tó bá ní ọwọ́ ńlá máa bá ìtẹ̀ kéékèèké jà. Kí ó so kíbọ́ọ̀dù gidi mọ́ ọn, tàbí kí ó wo MS-20 FS, tí ìtẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ìwọ̀n gidi, tó sì ní irú asẹ́ méjèèjì tí MS-20 àtijọ́ lò, pẹ̀lú ibi tí a ti lè yàn nínú wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ ra èyí tí ẹnìkan ti lò, ẹ tan án fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó ṣe ìdánwò kankan, torí VCO máa ń rìn díẹ̀ kí ó tó gbóná. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ C tó wà nísàlẹ̀ jù àti C tó wà lókè jù pẹ̀lú VCO kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ fi ẹ̀rọ tí ń wọn ìró (tuner) wò ó. Bí ìyàtọ̀ náà bá pọ̀, àtúnṣe inú ló nílò, kì í ṣe MASTER TUNE. Ẹ ki okùn bọ ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ mì ín díẹ̀. Ihò tó bá ń já lẹ́nu okùn ti fẹ́ kúrò lára pátákó iná nínú. Ẹ sì lo adápútà fólíti 9 tó bá a wá, kì í ṣe èyíkéyìí tí ẹnu rẹ̀ kàn bá ihò náà mu.