Nintendo Switch: Nítorí Géèmù Ni Mo Ṣe Rà Á

Ẹ̀rọ géèmù àgbéká méjì wà nílé mi: Steam Deck, tó ń gbá géèmù kọ̀ǹpútà, àti Nintendo Switch. Steam Deck lágbára jù ú lọ fíìfíì, géèmù rẹ̀ kò sì wọ́n tó ti Switch. Síbẹ̀, bí mo bá ráyè jókòó, Switch ni mo sábà máa ń gbé. Ohun tó fà á kò ju ẹyọ kan lọ: àwọn géèmù tí mo fẹ́ràn jù kò sí lórí ẹ̀rọ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò gùn. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 2017 ló jáde. Bí ẹ bá gbé e lọ́wọ́, mímọ́ àwòrán rẹ̀ (iye ìlà tó para pọ̀ di àwòrán) kì í ju 720p lọ. Bí ẹ bá so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó lè dé 1080p. Mo gbá The Witcher 3 lórí rẹ̀, mo sì tún gbá a lórí Steam Deck. Lórí Switch, ewéko ń ṣe bàìbàì, ojú àwọn èèyàn inú rẹ̀ kò mọ́ gaara. Ó yà mí lẹ́nu pé géèmù náà tilẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ kékeré yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ibòmíràn tó ti lè gbá a, kó lọ gbá a níbẹ̀.

Breath of the Wild, géèmù kan nínú ọ̀wọ́ Zelda ti Nintendo, ló yí ọkàn mi padà pátápátá. Òkè yòówù tí mo bá rí lọ́ọ̀ọ́kán, mo lè gùn ún. Òjò bẹ̀rẹ̀, àpáta ń yọ̀, mo ń já bọ́, mo wá abẹ́ òkúta kan dúró sí títí òjò fi dá. Bí àrá bá ń sán, mo ní láti bọ́ gbogbo irin ara mi sílẹ̀ kó má baà pa mí. Mo máa ń gbé e dé orí ibùsùn, kí n tó mọ̀, ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́. Ní gbogbo àsìkò yẹn, mi ò rántí 720p kankan.

Àmọ́, mi ò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé géèmù tí kò sí níbòmíràn ti tó láti gba ẹ̀rọ là. Ọjọ́ kan náà ni Breath of the Wild jáde fún Wii U, ẹ̀rọ inú ilé tí Nintendo ṣe ṣáájú Switch, kò sì ràn án lọ́wọ́. Mario Kart 8 ti wà lórí Wii U láti 2014, síbẹ̀ Wii U tí wọ́n tà lágbàáyé kò pé mílíọ̀nù 14. Nígbà tí géèmù kan náà dé orí Switch ní 2017 pẹ̀lú àfikún díẹ̀, ó tà ju mílíọ̀nù 60 lọ. Kí ló fa ìyàtọ̀ yìí? Àkọ́kọ́ ni pé èèyàn lè gbé Switch dé ibikíbi. Èkejì ni mo kà sí jù: tẹ́lẹ̀, Nintendo ń pín agbára rẹ̀ sí méjì, ó ń ṣe géèmù kan fún ẹ̀rọ inú ilé, òmíràn fún ẹ̀rọ àgbéká. Orí Switch ni gbogbo rẹ̀ ti pàdé. Àwọn géèmù Pokémon gangan, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ àgbéká nìkan ni wọ́n ń jáde fún láti 1996, wá bá Zelda àti Mario lójú kan. Bí mo bá parí ọ̀kan, òmíràn ti wà nílẹ̀.

Ohun tí PlayStation Vita, ẹ̀rọ àgbéká Sony, ṣaláìní gan-an nìyẹn. Nínú gbogbo ẹ̀rọ àgbéká tí mo ti fọwọ́ kàn, òun ló dára jù lójú mi. Nígbà tó jáde ní Japan ní ìparí 2011, síkírìnì OLED rẹ̀ kò láfiwé, Nintendo 3DS, ẹ̀rọ àgbéká tí Nintendo ń tà nígbà náà, kò sì tó o bá díje nínú agbára. Àní 3DS ń rá pálá nígbà náà: kò tíì pé oṣù márùn-ún ní ọjà Amẹ́ríkà tí wọ́n fi já owó rẹ̀ láti $250 sí $170. Kí ọdún tó parí, Super Mario 3D Land àti Mario Kart 7 dé. Géèmù Monster Hunter, tó gbé PSP (ẹ̀rọ àgbéká Sony tó ṣáájú Vita) ró ní Japan, náà kó wá sórí 3DS. Iye 3DS tí wọ́n tà kọjá mílíọ̀nù 75. Ní ti Vita, Sony kọjú sí PlayStation 4. Géèmù Persona 4 Golden ni mo torí rẹ̀ ra Vita. Láti 2020 ló ti wà lórí kọ̀ǹpútà, Steam Deck ni mo sì ti ń gbá a báyìí.

Sony àti Microsoft fúnra wọn ti ń tú okùn tí wọ́n fi so géèmù wọn mọ́ ẹ̀rọ tiwọn nìkan. Ìwé ilé ẹjọ́ kan ní 2023 fi hàn pé nǹkan bíi $220 mílíọ̀nù ni Sony ná sórí géèmù The Last of Us Part II. Ó ṣòro kí ẹni tó ní irú ẹ̀rọ kan nìkan máa dá irú owó bẹ́ẹ̀ padà. God of War ti 2018, tó jẹ́ ti Sony, dé orí kọ̀ǹpútà ní 2022; Sea of Thieves ti Microsoft dé orí PS5 ní 2024, Forza Horizon 5 tẹ̀ lé e ní 2025. Inú mi dùn sí i gan-an. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ìfẹ́ láti ra PS5 ti kúrò lọ́kàn mi, torí pé mo mọ̀ pé bí mo bá ní sùúrù, géèmù náà á wá bá mi.

Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹ ò ní ibòmíràn láti lọ, kì í yá a lára láti dín owó. Géèmù Nintendo kì í sábà dínwó. Èyí tó tún dùn mí jù ni ti oṣù Kẹta ọdún 2023, nígbà tí wọ́n dẹ́kun títa géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún 3DS àti Wii U. Pushmo, géèmù kékeré tó ń mú kéèyàn ronú jinlẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì 3DS nìkan ni wọ́n ti ń tà á. Ó wà nínú tèmi, ṣùgbọ́n ẹni tí kò rà á nígbà náà kò ní ibi tó ti lè rà á mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ní Steam Deck tàbí kọ̀ǹpútà tó lágbára, Switch ni kí ẹ fi kún un, ẹ fi Xbox àti PS5 sílẹ̀. Switch 2, tó jáde ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2025, ń gbá ọ̀pọ̀ jù lọ géèmù Switch, nítorí náà ohun tí ẹ bá rà báyìí kò ní ṣòfò. Mario Kart World ni wọ́n fi ṣílẹ̀kùn rẹ̀, géèmù náà nìkan sì ń lọ ní $80 ní Amẹ́ríkà. Kí ẹ tó ra Switch 2, ẹ kọ orúkọ àwọn géèmù rẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbá tí kò sí lórí Switch àkọ́kọ́ sílẹ̀. Bí wọn ò bá tíì pé mẹ́ta, ẹ ṣì fi owó yín sápò ná.