Áàpù tó ń gé ọ̀rọ̀-ìṣe Faransé sí sílébù: ohun tí mo rí níbẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Faransé nítorí òwò Kútọnu, ẹ gbọ́ tèmi lórí áàpù kan tó wà lórí fóònù mi. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀-ìṣe sí i, á gé e sí sílébù, á sì pè é sí yín létí. Ohùn rẹ̀ já gaara, ó ṣeé dẹ̀ kó máa pè é díẹ̀díẹ̀, kì í sì í jẹ dátà.

Gígé yẹn gan-an ni èmi àti ẹ̀ kì í ti í gbọ́ra yé. Ẹ tẹ "parlent", par-lent lẹ máa rí, sílébù méjì. Bí wọ́n ṣe ń gé e náà nìyẹn bí ìlà bá kún nínú ìwé. Lẹ́nu ńkọ́? Sílébù kan péré! "-ent" yẹn kò dún rárá. Parle, parles, parlent, ìró kan náà ni. Ẹni tó bá gbọ́kàn lé ohun tó rí lójú fóònù á máa pè é ní "parlan" kiri ọjà.

"Finissent" tún le fún wa jùyẹn lọ: fi-nis-sent lójú ìwé, fi-nis lẹ́nu. Sílébù Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, nítorí náà ahọ́n wa á fẹ́ fi "i" tì í lẹ́yìn, tàbí kó gbé "s" náà mì. Ẹ má gbé e mì o, òun ló ya "ils finissent" (wọ́n ń parí) sọ́tọ̀ sí "il finit" (ó ń parí).

Ibi tí mo ti gbóríyìn fún áàpù náà ni parlerai (màá sọ̀rọ̀) àti parlerais (ǹ bá sọ̀rọ̀). Ó fi "e" parí ti àkọ́kọ́, ó fi "ẹ" parí ìkejì, kedere. Ọ̀pọ̀ Faransé fúnra wọn ti pa méjèèjì pọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n etí tiwa ti mọ ìyàtọ̀ yẹn láti kékeré. "-ons" inú parlons náà kò jìnnà sí "ọn" inú ìbọn.

Ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan ló ń gbà, kì í gba arọ́pò-orúkọ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀, nínú "ils aiment", "s" ara "ils" á di "z", á fò sórí "aiment": il-zẹm. Wiktionnaire, ìwé atúmọ̀-ọ̀rọ̀ Faransé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni mo ń sá lọ fún gígé ti ẹnu. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń fi àmì tódò (.) sáàárín sílébù bó ṣe ń dún, ohùn èèyàn gidi sì wà fún ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Áàpù náà ní kí n sanwó kí n tó rí subjonctif, ìyẹn irú ọ̀rọ̀-ìṣe tí Faransé ń lò lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bí "mo fẹ́ kí". N kò tíì san án, n kò sì ní í san án títí wọ́n á fi tún gígé yẹn ṣe.