Àwọn aṣọ́bodè àti oògùn olóró: láti èbúté Kùtọnù dé ọ̀nà Kétu

Itan adìyẹ dídì láti Brazil, ọkọ̀ àlòkù láti Antwerp, àpò ṣúgà: ẹrù tí àwọn oníṣòwò Àjàṣẹ́ ń retí ní èbúté Kùtọnù náà ni àwọn olówò kokéènì máa ń sá pamọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn aṣọ́bodè, àwọn douane, fi ń tú u. Ẹni tó bá ti sanwó ìdúró kọ̀ntẹ́nà rí ló mọ bó ṣe ń dunni tó. Iṣẹ́ yìí la fẹ́ yẹ̀ wò bí ẹni ń yẹ ọjà wò: ibo ló ti dáa, ibo ló ti ń jò.

Sikáná ńlá tó ń wo inú kọ̀ntẹ́nà láìṣílẹ̀kùn ni gbogbo ènìyàn ń yìn. Lójú tiwa, òun kọ́ ni ọ̀gá iṣẹ́ náà. Ìwé ni.

Kí ọkọ̀ ojú omi tó gúnlẹ̀ ni orúkọ ẹrù, ẹni tó ni ín, ìwọ̀n rẹ̀ àti ibi tó gbà wá ti máa ń wà lójú kọ̀ǹpútà. SYDONIA World, ètò kọ̀ǹpútà àwọn aṣọ́bodè, á wá pín ìwé ìkéde ẹrù sí ọ̀nà mẹ́rin. Aláwọ̀ ewé, ẹrù ń jáde nìyẹn. Ìyeyè, wọ́n á ka ìwé. Pupa, wọ́n á tú ẹrù. Búlúù, ẹrù á jáde, ṣùgbọ́n wọ́n lè wá yẹ ìwé yín wò lẹ́yìn náà. Ohun tó ń fa pupa kò ṣòroó mọ̀: ilé iṣẹ́ tí kò tíì kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọlé rí, ẹrù tí owó ọkọ̀ rẹ̀ ju iye rẹ̀ lọ, ọ̀nà tó yí po láìnídìí, ìwọ̀n tí kò bára mu. Láti July 1, 2016 ni òfin àgbáyé ti ní kí wọ́n má gbé kọ̀ntẹ́nà sínú ọkọ̀ láìwọ̀n ọ́n, nítorí náà irọ́ ìwọ̀n tètè ń hàn. Àṣìṣe tí a rí jù ni kí transitaire, aṣojú tó ń bá yín kéde ẹrù fún aṣọ́bodè, kọ “ẹrù oríṣiríṣi”. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ gẹ́lẹ́: páálí itan adìyẹ dídì 2,700, kílò 10 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 27,000, ẹnikẹ́ni sì lè fi wé ohun tí òṣùwọ̀n sọ.

Sikáná dára fún ọkọ̀ àlòkù, nítorí ibi tó yẹ kó ṣófo máa ń hàn kedere: inú ilẹ̀kùn, inú táyà, abẹ́ ìjókòó. Ẹ gbé e dé iwájú ṣúgà tàbí adìyẹ dídì, ojú rẹ̀ á ṣú. Ohun tó bá ki bí ṣúgà ṣe ki kì í fi ìyàtọ̀ púpọ̀ hàn nínú àwòrán, kílò díẹ̀ láàárín tọ́ọ̀nù 27 sì lè sá mọ́ ẹni tó ń wo àwòrán láti àárọ̀ lọ́wọ́.

Ọwọ́ ènìyàn ló ń parí rẹ̀. Ibi méje ni wọ́n ń yẹ̀ wò lára kọ̀ntẹ́nà: abẹ́ rẹ̀ níta, ilẹ̀kùn, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ òsì, ògiri iwájú, òrùlé, ilẹ̀ inú. Inú kọ̀ntẹ́nà ẹsẹ̀ 40 máa ń gùn tó mítà 12.03. Bí téépù bá ka 11.70, ògiri mìíràn wà lẹ́yìn ògiri. Ti ẹlẹ́rọ amúǹkantutù, wọ́n á tún wo ibi tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà. Ajá tó ń gbóòórùn oògùn wúlò, àmọ́ kò ju bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 lọ kó tó nílò ìsinmi.

Èyí tó ń kó oníṣòwò rere sí wàhálà ni àpò tí wọ́n jù sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gan-an. Olówò kokéènì gé plọ́ǹbù, èdìdì onínọ́ńbà tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn kọ̀ntẹ́nà, ní èbúté tí ẹrù ti gbéra, ó ju àpò sí i, ó fi plọ́ǹbù ayédèrú tó ní nọ́ńbà kan náà tì í. Ẹni tó ni ẹrù kò mọ nǹkan kan. Ẹ ní kí ẹni tó ń tajà fún yín ya fọ́tò plọ́ǹbù nígbà tí wọ́n bá ń di ẹrù, kí ẹ sì fi wé connaissement, ìwé ẹrù tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kọ. Bí nọ́ńbà kò bá bára mu, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pe aṣọ́bodè kí ẹ tó ṣí i.

Bí wọ́n bá rí lẹ́búlẹ́bú, wọ́n á kán oògùn ìdánwò sí i. Àwọ̀ búlúù ń tọ́ka sí kokéènì, ṣùgbọ́n lidocaine, oògùn tí onísègùn eyín fi ń mú ẹnu kú kí ìrora má bàa sí, náà máa ń di búlúù. Láàbù ló ń sọ òótọ́. Bó bá jẹ́ òótọ́, òfin 97-025 ti 1997 lórí oògùn olóró ló kàn, CRIET, ilé ẹjọ́ ìwà ọ̀daràn ọrọ̀ ajé àti ìpániláyà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2018, sì ni ẹjọ́ lè gbà.

Ẹ̀dùn ọkàn wa nípa iṣẹ́ yìí: owó títú ẹrù sílẹ̀ àti títò ó padà wà lọ́rùn ẹni tó kéde ẹrù, ìbáà má sí nǹkan kan níbẹ̀. Adìyẹ tó yẹ kó wà ní −18 °C kì í fara da oòrùn Kùtọnù. Kí transitaire yín wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tú u, kó sì ti wá alágbàṣe sílẹ̀, kí ilẹ̀kùn má ṣí pẹ́.

Lọ́nà ilẹ̀, ní Kétu sí Ìlara lẹ́bàá ibodè Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Tramadol, oògùn ìrora tí wọ́n ń ṣì lò, tó ń gba ibẹ̀ kò ní connaissement, kò ní plọ́ǹbù. Ó wà nínú àpò lẹ́yìn ọ̀kadà tó gba inú oko kọjá. Gbogbo ọgbọ́n ìwé tí a yìn lókè kò ríbi dúró sí. Ohun tó kù fún aṣọ́bodè ni ojú: káàdì oògùn tí wọ́n kọ 225 mg sí, nígbà tó jẹ́ pé 50 àti 100 ni dókítà sábà máa ń kọ. Bí ẹ bá ń gbé oògùn tara yín kọjá, ẹ fi í sílẹ̀ nínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú ìwé dókítà. Ẹ má yọ hóró rẹ̀ sínú ọ̀rá.