Mo yọ Ubuntu kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows: àwọn irinṣẹ́ tí mo lò àti bí mo ṣe rí wọn sí

Kò sí sọ́fítíwíà tí ẹ gbọ́dọ̀ rà kí ẹ tó lè yọ Ubuntu, irú Linux kan tó ń darí kọ̀ǹpútà bí Windows ṣe ń ṣe, kúrò nínú kọ̀ǹpútà tí Windows náà wà nínú rẹ̀, kò sì sí ìdí tí ẹ fi máa fọ́máàtì gbogbo rẹ̀. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ nítorí pé ohun méjèèjì ni wọ́n fẹ́ tà fún mi. Ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Computer Village, Ìkẹjà, gba láptọ́ọ̀pù mi, kò tíì wò ó dáadáa tó fi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kúkú fọ́máàtì ẹ̀, ká gbé Windows tuntun sí i. Kíá ni." Mo ní àwọn fídíò oníbàárà tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Ó ní kí n lọ ra háàdì dísíìkì kan kí n kó wọn sí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gba ẹrù mi, mo bá ọ̀nà ilé lọ.

Fídíò òde ìnáwó ni iṣẹ́ mi: ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, òkú àgbà, ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún. Láptọ́ọ̀pù tókúnbọ̀ ni mo fi ń ṣe é. SSD, ìyẹn dísíìkì, inú rẹ̀ kò ju 256 GB lọ, Ubuntu 22.04 sì jókòó lé 70 GB níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ń kọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Adobe kì í ṣe Premiere, ètò tí mo fi ń gé fídíò, fún Linux, nítorí náà orí Windows ni gbogbo iṣẹ́ tó ń mówó wọlé wà. Ẹni tó ń gé fídíò mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí ìlà C: bá ti pọ́n: ẹ ò tíì gé ìdajì òde kan tán tí kọ̀ǹpútà á fi ní àyè ti tán.

Aago náà tún wà ńbẹ̀. Ubuntu máa ń fi aago inú mọ́dábọ́ọ̀dù sí UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, Windows ní tirẹ̀ sì gbà pé aago ìlú tí èèyàn wà ni aago yẹn. Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú UTC. Bí mo bá ti kúrò lórí Ubuntu wá sórí Windows, aago á fi wákàtí kan rẹ̀yìn títí Windows á fi rí íntánẹ́ẹ̀tì tún un ṣe, ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe ìgbà gbogbo ni dátà máa ń wà. Àṣẹ kan wà tó ń yanjú rẹ̀ láti inú Ubuntu, timedatectl set-local-rtc 1, àmọ́ Ubuntu fúnra rẹ̀ á máa kìlọ̀ fún yín pé òun ò fara mọ́ ọn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àlàyé orí YouTube máa ń fò ni pé ibi mẹ́ta ni Ubuntu ń gbé lórí kọ̀ǹpútà òde òní, ìyẹn èyí tó ń lo UEFI, ètò tuntun tí mọ́dábọ́ọ̀dù fi ń gbé kọ̀ǹpútà dìde. Àkọ́kọ́ ni ìpín tirẹ̀ lórí dísíìkì, tó sábà máa ń jẹ́ ext4 (ọ̀nà tí Linux fi ń to fáìlì), níbi tí gbogbo fáìlì rẹ̀ wà. Èkejì ni fódà kékeré kan tó ń jẹ́ ubuntu nínú ìpín EFI, ìpín FAT32 tí òun àti Windows jọ ń lò láti fi gbéra. Ẹ̀kẹta ni orúkọ rẹ̀ tí mọ́dábọ́ọ̀dù kọ sínú ìrántí ara rẹ̀. Bí ẹ bá pa ti àkọ́kọ́ nìkan rẹ́, ayálégbé ti kó jáde ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára ilẹ̀kùn, mọ́dábọ́ọ̀dù á sì máa lọ kan ilẹ̀kùn yẹn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà. GRUB, ètò kékeré tí Ubuntu fi ń gbéra, ló máa dáhùn. Yóò wá àwọn fáìlì tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́ nínú ìpín Ubuntu, kò ní rí wọn, ojú kọ̀ǹpútà á dúdú, ẹ ó sì rí grub> tàbí grub rescue> tó ń wò yín.

Nígbà yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé Windows ti bàjẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn afọ́máàtì ti ń rí owó. Windows kò bàjẹ́ rárá. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ tún un tàn, ẹ máa tẹ F9 bó bá jẹ́ HP, tàbí F12 bó bá jẹ́ Dell tàbí ThinkPad, ẹ yan Windows Boot Manager, yóò wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Nítorí náà inú BIOS, ojú ètò mọ́dábọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbé Windows Boot Manager ṣíwájú ubuntu, mo tún kọ̀ǹpútà tàn, mo rí i pé ó wọ Windows tààrà láìgba ọ̀dọ̀ GRUB kọjá. Láti ìgbà yẹn lọ, ohun yòówù tí mo bá pa rẹ́ lára Ubuntu kò lè dí Windows lọ́wọ́ mọ́. Mo ti kó àwọn fódà Python mi sórí fíláàṣì láti inú Ubuntu ṣáájú, nítorí pé Windows kì í ka ext4 bẹ́ẹ̀ lásán. Ohun kan ṣì wà tí mo fẹ́ kí ẹ mú ní pàtàkì ju gbogbo èyí lọ: bí BitLocker, àgádágodo tí Windows fi ń ti dísíìkì pa, bá wà lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ lọ wá kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà rẹ̀, nọ́ńbà oní-dígíìtì 48 náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ìyípadà nínú ètò ìgbéra lè mú kí ó béèrè rẹ̀ lójijì. Lórí ọ̀pọ̀ Windows 11, wọ́n ti tan irú ìdáàbòbò yìí sílẹ̀ láì jẹ́ pé ẹni tó ni kọ̀ǹpútà mọ̀, nọ́ńbà náà á sì wà nínú àkáǹtì Microsoft tí wọ́n fi ṣí kọ̀ǹpútà. Bó bá jẹ́ pé àkáǹtì ẹlòmíì ni wọ́n fi ṣí tókúnbọ̀ yín, ẹ yáa yanjú ìyẹn ná.

Ó wá kan Disk Management, irinṣẹ́ inú Windows tí a fi ń ṣètò àwọn ìpín dísíìkì. Ẹ tẹ Windows pẹ̀lú X, ẹ ó rí i níbẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó ń ya dísíìkì hàn gbọrọ bó ṣe rí, láti òsì dé ọ̀tún. Ohun tí kò dára nínú rẹ̀ ni pé kò dá Ubuntu mọ̀. Ìpín Ubuntu kò ní lẹ́tà bíi C:, kò sí ohun tó máa sọ fún yín pé ti Ubuntu ni; bó ṣe tóbi tó nìkan ni ẹ máa fi dá a mọ̀. EFI àti Recovery (ìpín ohun èlò ìtúnṣe Windows) náà kò ní lẹ́tà, ṣùgbọ́n a kọ orúkọ sára àwọn yẹn. Mo ti wo iye GB rẹ̀ láti inú Ubuntu kí n tó jáde, n kò sì méfò rárá. Mo tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì lé e lórí, mo yan Delete Volume, ó kìlọ̀, mo gbà, ìlà aláwọ̀ búlúù di dúdú: Unallocated. Kò gba àsìkò kankan.

Ibi tí wàhálà wà ni fífi àyè yẹn kún C:. Extend Volume kò ṣeé tẹ̀, ó pá sójú kan. Ìdí rẹ̀ ni pé àyè tó bá fara kan C: ní ọwọ́ ọ̀tún gan-an nìkan ni Disk Management lè gbà fún un. Lórí kọ̀ǹpútà mi, ìpín Recovery kékeré kan tí kò tó 1 GB ló dúró sáàárín méjèèjì. Mo lọ gba sọ́fítíwíà kan tí wọ́n ń polówó pé ọ̀fẹ́ ni. Ó jẹ́ kí n tò gbogbo nǹkan bí mo ṣe fẹ́, ó yà á hàn mèremère, àfìgbà tí mo tẹ Apply tó fi ń béèrè owó dọ́là. Mo yọ òun náà dànù.

GParted, irinṣẹ́ Linux tí a fi ń ṣètò ìpín dísíìkì, ló yanjú rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni lóòótọ́. Ó wà nínú fíláàṣì tí mo fi gbé Ubuntu sínú kọ̀ǹpútà níjọ́un, tó fi jẹ́ pé Ubuntu ló bá mi palẹ̀ Ubuntu mọ́. Kí n tó kúrò ní Windows mo pa àṣẹ reagentc /disable, kí ohun èlò ìtúnṣe Windows má bàa sọnù nígbà tí ìpín rẹ̀ bá ṣípò. Mo fi fíláàṣì gbéra, mo sún Recovery lọ sápá ọ̀tún, mo padà sí Windows, mo pa reagentc /enable. Extend Volume ti ṣeé tẹ̀, C: sì gba 70 GB rẹ̀. Ìpín kékeré ni mo sún, kò pẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ sún C: fúnra rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹrù inú rẹ̀, ìyẹn lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, iná kò sì gbọ́dọ̀ lọ láàárín kan. Bí bátìrì láptọ́ọ̀pù yín bá ti kú, tó jẹ́ pé NẸ́PÀ lẹ gbójú lé, ẹ má dán an wò láìsí ínfátà. Kódà, bó bá jẹ́ pé ibi tí ẹ máa kó fídíò sí nìkan lẹ ń wá, ẹ fi àyè náà ṣe D: kí ẹ sì sùn.

Fódà inú EFI kò ṣeé dé láti inú File Explorer. Ẹ ṣí Command Prompt, ojú tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, gẹ́gẹ́ bí alákòóso, ẹ pa mountvol S: /S, ẹ lọ sí S:\EFI, ẹ fi dir wo ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ ó rí Microsoft, Boot àti ubuntu. Èyí tó ń jẹ́ ubuntu nìkan ni tiwa: rmdir /s /q ubuntu. Ẹ pa mountvol S: /D láti tún ilẹ̀kùn dé. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá ṣèèṣì kan fódà Microsoft, bcdboot C:\Windows á tún un kọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó débẹ̀.

Orúkọ inú mọ́dábọ́ọ̀dù ló kù. Nínú Command Prompt kan náà, bcdedit /enum firmware á to gbogbo orúkọ jáde. Ẹ wá ti ubuntu, ẹ da àmì ìdánimọ̀ gígùn tó wà nínú àkámọ́ oníkọ́ọ́ kọ, ẹ fi bcdedit /delete síwájú rẹ̀. Bó bá jẹ́ PowerShell, ojú àṣẹ Windows mìíràn, lẹ ṣí, ẹ fi àmì àyọlò yí àkámọ́ náà ká, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kò ní gbọ́. Àwọn BIOS mìíràn á jẹ́ kí ẹ pa orúkọ náà rẹ́ láti inú wọn. Ti àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí kò mọ UEFI yàtọ̀: GRUB ń gbé ní ìbẹ̀rẹ̀ dísíìkì gan-an lórí wọn, bootrec /fixmbr láti inú ohun èlò ìtúnṣe Windows ló ń lé e kúrò.

Bí wọ́n bá ní kí n fún wọn ní ìràwọ̀: mẹ́rin nínú márùn-ún fún GParted, mẹ́ta fún Disk Management, méjì fún àwọn àṣẹ Command Prompt. Iṣẹ́ wọn dájú, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa rí wọn bí kò bá mọ orúkọ wọn tẹ́lẹ̀, kò sì sí bọ́tìnnì kan ṣoṣo tó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Sọ́fítíwíà olówó dọ́là yẹn kò ní ìràwọ̀ kankan lọ́wọ́ mi.

Mo ṣì ń kọ Python. WSL ni mo wá ń lò, Ubuntu tó ń ṣiṣẹ́ nínú Windows bí ètò mìíràn, láìgba ìpín tirẹ̀ lórí dísíìkì; wsl --install ló ń gbé e wọlé. Àṣẹ kan ṣoṣo ló ń lé e jáde, wsl --unregister Ubuntu. Kì í béèrè bóyá ó dá yín lójú o, nítorí náà ẹ kó fáìlì yín kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó tẹ Enter.