Ìwúkàrà Nottingham fún bíà tó dákú: ẹ jí i kí ẹ tó dà á

Ìwúkàrà LalBrew Nottingham, sáṣẹ́ẹ̀tì gíráàmù 11 tí Lallemand ń ṣe, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Owó rẹ̀ kò ju iye gíláàsì bíà kan ní pub lọ. Stout líta 20 tó dákú sínú garawa, ìyẹn ni pé ó dúró kí ìwúkàrà tó jẹ ṣúgà inú ẹ̀ tán, ni mo tìtorí rẹ̀ rà á. Leeds ni mò ń gbé. Bí òtútù January bá wọlé, ìwúkàrà á rọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ garawa, á sùn lọ. Ọtí yìí bẹ̀rẹ̀ ní 1.058 lórí hydrometer (ohun tí a ń jù sínú ọtí láti mọ bí ṣúgà inú ẹ̀ ṣe kù sí; bí ṣúgà bá ṣe ń tán ni nọ́ńbà ń sọ̀), ó sọ̀ dé 1.030, ó dúró gbári. Ẹni tó bá tọ́ ọ wò nígbà yẹn á rò pé mọ́ọ̀tì tí wọ́n ń pín níbi ìkómọ ni.

Kí n tó náwó, mo gbé garawa síbi tó móoru, nǹkan bí 20 dígírì, mo sì rọra yí i kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ lè dìde. Nígbà míì ìyẹn nìkan ti tó. Kò tó lọ́tẹ̀ yìí. Mo wá bu díẹ̀ sínú ìgò, mo da ìwúkàrà búrẹ́dì sí i dáadáa, mo gbé e síbi gbígbóná. Ìyẹn sọ̀ dé 1.014, mo sì mọ̀ pé ṣúgà tó ṣeé jẹ ṣì kù. Ká ní kò sọ̀ ni, kò sí ìwúkàrà tó lè gbà mí: bí omi tí a fi rẹ ọkà bá ti gbóná jù, bíi 70 dígírì, ọ̀pọ̀ ṣúgà tó máa jáde ni ìwúkàrà kò ní lè jẹ. Ẹ ṣe ìdánwò yìí kí ẹ tó rajà. Hydrometer ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n o, refractometer, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn ṣúgà, máa ń parọ́ bí ọtí bá ti wà nínú ohun tí ẹ ń wọ̀n.

Wọ́n máa ń ní ká lo ìwúkàrà wáìnì, pé ó le. Ó le lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í jẹ maltotriose, ṣúgà mọ́ọ̀tì tó sábà máa ń ṣẹ́kù bí bíà bá dúró. Nottingham ń jẹ ẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ láti dígírì 10 dé 25, ó sì ń fara da ọtí dé ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ má kàn wọ́n ọn sínú garawa bẹ́ẹ̀. Inú bíà tó dúró, ọtí ti wà níbẹ̀, oxygen ti tán, ṣúgà tó rọrùn ti tán. Púpọ̀ nínú ìwúkàrà gbígbẹ á kú kó tó jí. Líta omi kan ni mo fi po gíráàmù 100 ìyẹ̀fun mọ́ọ̀tì, mo sè é fún ìṣẹ́jú 15, mo jẹ́ kó tutù, mo da sáṣẹ́ẹ̀tì sí i nínú ìgò tí mo ti bọ̀ mọ́. Ìgbàkígbà tí mo bá ń kọjá ni mò ń mì ín. Nígbà tílẹ̀ fi mọ́, ìfófòó ti dé ọrùn ìgò. Bó ṣe ń hó lọ́wọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ dà á. Bí ẹ bá dúró títí tó fi rọlẹ̀, olóorun lẹ gbé ti olóorun. (Àwọn ìyá tó ń pọn ọtí bàbà nílé kò ka ìwé kankan kí wọ́n tó mọ èyí, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àná ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ tòní.) Ẹ rọra dà á, kí afẹ́fẹ́ má bà á wọlé: bíà tí afẹ́fẹ́ bá wọ̀ á máa dà bíi páálí lẹ́nu.

Kò pẹ́ tí ìdérí fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta pó, pó. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ó dé 1.015, ó sì dúró síbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó rọ ọ́ sínú ìgò, torí ìgò tí ṣúgà ṣì kù nínú ẹ̀ lè bú mọ́ni lójú.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo yọ ọ̀kan torí pé kò ní adùn tirẹ̀ rárá. Fún stout kò ṣe nǹkan kan, àmọ́ n kò ní fi bẹ̀rẹ̀ bíà tó nílò òórùn èso.